Ibi tí a bá fa ààlà sí ni ọ̀rọ̀ wà

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe àdúgbò bá délẹ̀ l'Óṣogbo, ohun méjì péré ni mo máa ń gbọ́: kí gómìnà lọ yá owó, tàbí kí gbogbo wa dúró de owó Àbújá. Mo fẹ́ mú ẹ̀kẹta wá síbẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń béèrè ohun tí àwọn méjì yòókù kì í béèrè: bí ìjọba bá ṣe títì, tí ilé ẹ̀gbẹ́ títì wá gbówó lórí, ta ló ń jẹ èrè yẹn?

Tax increment financing ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, TIF ní kúkúrú. California ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1952, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, àwọn ìlú kéékèèké sì ń lò ó gan-an. Ìlú á fa ààlà yí àdúgbò tó ti ń kú lọ ká. Wọ́n á kọ iye owó orí tó ń wọlé látara ilé àti ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́dún yẹn sílẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù 10 náírà ni. Mílíọ̀nù 10 yẹn á ṣì máa lọ síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Bí àdúgbò náà bá wá gbérí, tí owó náà di mílíọ̀nù 18, mílíọ̀nù 8 tó lé yẹn á máa bọ́ sínú àpò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúgbò náà nìkan, ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n á fi san owó gọ́tà, títì, omi àti iná òpópónà tí wọ́n ti ṣe síbẹ̀. Bí ẹni ra ajílẹ̀ láwìn ni, tó ní bí òun bá kórè lòun ó san.

Ó dùn létí. Àmọ́ ìdí ààlà yẹn gan-an ni wàhálà máa ń fara pamọ́ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òfin wọn ń béèrè ni pé kí ìlú fi hàn pé bí kì í bá ṣe TIF, àdúgbò náà ò ní gbérí. Ta ni kò lè kọ ìwé ẹlẹ́nu dídùn lórí ìyẹn? Chicago lò ó dé àárín gbùngbùn ìlú, níbi tí àwọn olówó ì bá ti kọ́lé láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kàn án títí dòní nìyẹn. Bí ilẹ̀ ibì kan bá ti fẹ́ gbówó lórí fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó tó lé níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ TIF. Owó tó yẹ kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni wọ́n darí gba ibòmíràn. California tó bí i gan-an, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ le, òun náà ló tú àwọn àjọ tó ń ṣe é ká: òfin rẹ̀ jáde ní 2011 lábẹ́ Gómìnà Jerry Brown, nígbà tó fi di oṣù kejì 2012, wọ́n ti kógbá wọlé.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọ̀gá wa yan àdúgbò kan lọ́la, mo mọ ibi tí ọwọ́ wọn á kọ́kọ́ nà: Ọláìyá, Òkè-Fìà, ọ̀nà tó jáde sí Gbọ̀ngán. Fọ́tò máa ń dára níbẹ̀. Àmọ́ afárá ti wà l'Ọ́láìyá, owó gbogbo wa ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ti jẹ èrè rẹ̀ ná. Bí a bá fa ààlà TIF síbẹ̀, owó tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe.

Èmi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni màá mú, kì í sì í ṣe láti kọ́ ilé ìtajà aláràbarà síbẹ̀. Gọ́tà ńlá tó lè gba omi òjò, ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà, omi ẹ̀rọ. Kò sí aládàáni tó máa ná owó rẹ̀ sórí ìyẹn láéláé. (Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO gbà wọlé ní 2005 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Kí ẹnikẹ́ni má fa ààlà kankan sún mọ́ ọn.)

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé ẹbí ló pọ̀. Agboolé kì í ṣe títà, ìwé ilẹ̀ kì í sí, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ sì lè jẹ́ ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Bí iye ilé rẹ̀ bá lọ sókè nínú ìwé, kò sọ owó kankan sí i lápò. Ẹni tó bá ń gbé ilé baba rẹ̀, kí wọ́n má fi kún tirẹ̀. Kí àfikún wá látara ṣọ́ọ̀bù, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Èkó fi kún owó Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé àti ilẹ̀, lójijì ní 2018, ariwo sọ, ìjọba fúnra rẹ̀ ló padà dín in kù.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń da TIF kọ láti Amẹ́ríkà kì í rò: náírà. Ní ìparí 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà lé ní 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá de mílíọ̀nù 10 ìjọba ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún, kí ni yóò rà tó bá kù díẹ̀ kó pé? Nígbà náà, gbogbo ohun tí ọ̀wọ́ngógó bá fi kún iye ilé ni àpò TIF á máa gbé lọ, bí ẹni pé gọ́tà ló mú un wá. Nítorí náà, owó ìpìlẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ máa gòkè pẹ̀lú ọjà lọ́dọọdún. Láìsí èyí nínú òfin rẹ̀, màá ta kò ó.

Ẹ̀yáwó ńkọ́? Èmi ò fẹ́ ẹ. Kí agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ ná owó rẹ̀, kí àpò àdúgbò máa san án padà díẹ̀díẹ̀ bí àfikún bá ṣe ń wọlé. Bí àfikún ò bá wọlé, òun ló jẹ̀bi ìṣirò rẹ̀. Àwọn ìlú kan l'Ámẹ́ríkà ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kò sì yẹ kí àpò náà wà lábẹ́ ọ́fíìsì gómìnà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ti fi ìdíyelé ilé aládàáni sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, lórí iye tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀. Káńsù ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí, pẹ̀lú àkáǹtì tí gbogbo ará àdúgbò lè rí.

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àpò pàápàá, kí wọ́n kọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san lónìí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù. Ẹni tí kò mọ iye àná ò lè mọ ohun tó lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣé ẹnì kan ti wá díye lé ilé yín rí? Èló ni wọ́n ní kẹ́ ẹ san, ta lẹ sì san án fún?