Ẹ Má San Owó "Ìkànnì AI" Fún Ẹnikẹ́ni

Wọ́n tún ti sọ ọ́ níbi ìpàdé àwa oníṣòwò ní Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin kan dìde, ó gba makirofóònù, ó ní gbogbo ìkànnì tí a ti ń lò bọ̀ ti di àkísà, pé bíráúsà AI, ìyẹn ohun èlò AI tó ń bá èèyàn ṣí ìkànnì, kò lè rí ohun tó wà nínú wọn, àfi ká wó wọn, ká kọ́ òmíràn tó jẹ́ ti AI. Ó dárúkọ owó ńlá. Mo rí àwọn ìyá aládìrẹ àti àwọn bàbá onílé ìgbàlejò tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó gẹ́ẹ́. Mo ń gbọ́ ọ ní Sábó, mo ń gbọ́ ọ ní Mayfair, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ tó tíì fi ẹ̀rí kankan hàn wá.

Irọ́ ni. Kò sí ìkànnì ọ̀tọ̀ tí èèyàn ní láti kọ́ fún AI. Ohun tí bíráúsà AI ń wá lójú ìkànnì yín kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tí ojú wọn kò ríran ti ń wá níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ìkànnì kò bìkítà láti fún wọn.

Bíráúsà AI ni èyí tí ẹ lè sọ fún pé, "Bá mi wá yàrá ní Ifẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, má jẹ́ kó wọ́n jù," tí yóò fúnra rẹ̀ ṣí ìkànnì, tí yóò kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, tí yóò tẹ bọ́tìnnì. Ilé iṣẹ́ Perplexity gbé tiwọn, Comet, jáde ní 2025, ilé iṣẹ́ OpenAI sì gbé ChatGPT Atlas jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà. OpenAI fúnra wọn sọ fún àwọn tó ní ìkànnì pé bí wọ́n bá fẹ́ kí Atlas mọ̀nà dáadáa nínú ìkànnì wọn, kí wọ́n lo ARIA bó ti yẹ. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ tuntun. ARIA yìí ni àmì tí a ń kọ sínú kóòdù pé èyí bọ́tìnnì ni, orúkọ rẹ̀ ni "Gba yàrá". Èyí àpótí ni, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n ń kọ sí i. W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ìkànnì káàkiri ayé, ti fọwọ́ sí ARIA 1.0 láti 2014. Ìlànà WCAG, tó sọ bí ìkànnì ṣe lè rọrùn fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, ti wà láti 1999.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan, bíráúsà yóò gbé èyí tí ojú yín ń rí jáde: àwọ̀, àwòrán, lẹ́tà. Ó tún ń to àkójọ mìíràn tí ojú kò rí, tó kàn ń sọ pé àkọlé nìyí, líǹkì nìyí, bọ́tìnnì nìyí, orúkọ rẹ̀ nìyí. Àkójọ yìí ni NVDA ń kà sétí ẹni tí kò ríran lórí kọ̀ǹpútà, òun ni TalkBack ń kà lórí fóònù Android. Òun náà ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ AI ń kà. Playwright MCP tí Microsoft ṣe, tí AI fi ń lo bíráúsà, kì í wo àwòrán ojú ìwé bí ẹ kò bá ní kó wò ó; àkójọ yẹn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí fún un nìyẹn.

Mo ti fojú ara mi rí i. Ilé ìgbàlejò kan nílùú yìí pè mí pé AI ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun kò mọ iye owó yàrá wọn. Mo ṣí ìkànnì náà, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n inú àwòrán ni gbogbo iye owó wà, irú àwòrán tí a máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọn kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ìdí rẹ̀. "Gba yàrá" tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ div, àpótí lásán nínú kóòdù, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Lójú èmi àti ẹ̀yin bọ́tìnnì ni, nínú kóòdù kì í ṣe bọ́tìnnì. Àyè tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí kò lórúkọ. Ó dà bí ìsọ̀ tí wọn kò kọ nǹkan kan sí iwájú rẹ̀: ará àdúgbò yóò wọlé, àlejò yóò kọjá. Mo ní kí bíráúsà AI gba yàrá fún mi. Ó ka orúkọ ilé náà, ó ka àdírẹ́sì, ó ní òun kò rí iye owó, kí n pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀.

Mo wá pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní OAU. Kò ríran, NVDA ló fi ń lo kọ̀ǹpútà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ohùn ẹ̀rọ náà ń sáré: líǹkì, líǹkì, àkọlé, àpótí ìkọ̀wé. Ó fo àwòrán owó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Tab, tí a máa ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti bọ́ sórí ohun tó kàn, fo "Gba yàrá" náà. Ibi tí AI ti kọsẹ̀ gan-an lòun náà ti kọsẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mò ń bá fà á lójoojúmọ́ nìyí. Ìgbà tí AI kọsẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀."

Mo kọ iye owó náà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ gidi. Mo yí div yẹn padà sí button, bọ́tìnnì gidi nínú kóòdù. Mo fi label, ìyẹn orúkọ, sí àpótí ọjọ́: "Ọjọ́ tí ẹ máa dé". N kò fi ohun kankan tó ń jẹ́ AI sí i, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí mo fi parí. Bíráúsà AI gba yàrá náà títí dé ibi ìsanwó. Ọ̀rẹ́ mi náà gbà á fúnra rẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni kó wá bá a wò ó, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi nínú jù.

Wọ́n á ní, "llms.txt ńkọ́?" Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, tí a fi ń júwe ìkànnì fún AI. Jeremy Howard ló dábàá rẹ̀ ní 2024, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Notepad, Google sì ti sọ ní 2025 pé àwọn kò tì í lẹ́yìn. Wọ́n á ní ìkànnì àtijọ́ kò bá ìgbà mu. Àtijọ́ wo? Button ti wà láti ìgbà HTML 4, ẹ̀dà kan nínú èdè tí a fi ń kọ ìkànnì, ní 1997, òun náà ni AI ń wá dòní. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyókù.

Mo gbà pé AI kan wà tó ń wo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà bí èèyàn, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2024, ìyẹn sì lè rí bọ́tìnnì tí wọ́n kàn kùn. Àwọn Google àti Microsoft náà ń ṣiṣẹ́ lórí WebMCP, tí ìkànnì yóò máa fi sọ ohun tó lè ṣe fún AI. Bó bá délẹ̀ tán, orí ìkànnì tí ẹ ti ní náà ni wọn yóò fi kún. Kò kan ìwólulẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń wá ohun tó tó bẹ̀rù, ní oṣù kẹjọ 2025, àwọn Brave, tí àwọn náà ń ṣe bíráúsà, fi hàn pé èèyàn lè fi àṣẹ pa mọ́ sínú ojú ìwé, kí Comet kà á, kó sì ṣe é bí ẹni pé ẹni tó ń lò ó ló rán an. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí AI tẹ bọ́tìnnì ìsanwó ìkẹyìn. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.

Ẹ lè yẹ ìkànnì yín wò lónìí láìsan kọ́bọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi máòsì sílẹ̀, kí ẹ máa tẹ Tab láti òkè títí dé ibi ìsanwó. Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, lábẹ́ Accessibility, kí ẹ tan TalkBack, kí ẹ di ojú, kí ẹ máa fi ìka ra ojú fóònù; ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa tẹ nǹkan kó tó ṣí. Ibi tó bá ti ń sọ pé bọ́tìnnì ni láìdárúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́ ìkànnì yín pé kó fún un lórúkọ. Àwòrán tó bá ní iye owó nínú, ẹ ní kó tún kọ iye náà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.