Ilé Ìwòsàn Wo?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ọ̀rọ̀ kónílé-ó-gbélé ṣì ń dá wa lágara, The Lancet gbé ìwádìí kan jáde. Ìwé jọ́nà àwọn dókítà ni, Lọ́ńdọ̀nù ló wà láti ọdún 1823, ohun tó bá sì sọ, ìjọba ń gbọ́. Àwọn tó kọ ìwádìí náà ní àwọn ti yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn Kòrónà 96,032 wò, láti ilé ìwòsàn 671, káàkiri ayé. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n fún ní kulorokúìn tàbí ìbátan rẹ̀, hydroxychloroquine, ń kú ju àwọn tí wọn ò fún lọ, pé ọkàn wọn sì ń lù ségesège. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, wọ́n ti fa ìwádìí náà padà. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré. Nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún aláìsàn yẹn, wọn ò rí ẹyọ kan fi han aráyé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Àwa lẹ máa ń bú tí fáìlì yín bá sọnù.

Ẹ rántí ohun tí kulorokúìn jẹ́ fún wa ná. Kí Nàìjíríà tó yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà lọ́dún 2005, Nivaquine ni ilé gbogbo ń lò. Àwọn kan á lò ó, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwa tó máa ń yún, ara ògiri la máa ń fi ẹ̀yìn gbo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àfi bí Trump ṣe sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 pé ó lè wo Kòrónà sàn. Àwọn èèyàn ya bo ilé ìtajà oògùn l'Ékòó, owó rẹ̀ fò sókè, àwọn kan lò ó jù, ó dọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. NCDC ní láti jáde wá kìlọ̀. Nítorí náà, nígbà tí The Lancet ní oògùn yìí ń pa àwọn aláìsàn Kòrónà, ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá apá tó kan oògùn náà dúró nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, olórí NAFDAC nígbà náà, ní ìdánwò tiwa ò ní dúró.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún fi kọ lẹ́tà gbangba, tí wọ́n ń bi àwọn tó ṣe ìwádìí náà léèrè. Iye àwọn tí wọ́n ní ó kú ní Ọsirélíà ju iye tí Ọsirélíà fúnra rẹ̀ kà lọ. Wọn ò dárúkọ ilé ìwòsàn kan. Wọn ò to orúkọ orílẹ̀-èdè tí àwọn ilé ìwòsàn náà wà, kọ́ńtínẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n kọ. Ìgbìmọ̀ tó máa ń yẹ ìwádìí wò kó tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kò sí èyí tó rí i. Ṣùgbọ́n ibi tó mú mi dìde lórí àga ni apá tiwa. Aláìsàn 4,402 ni wọ́n ní ó wá láti Áfíríkà. Àwọn tó kọ lẹ́tà náà ṣírò ọ̀rọ̀ yìí: tó bá jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹni tí Kòrónà mú ní Áfíríkà, àti ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó pa, ilé ìwòsàn tó ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà ṣe ni wọ́n wà. Ilé ìwòsàn tí kọ̀ǹpútà ń gba gbogbo nǹkan sílẹ̀, tí ẹ̀rọ wà létí bẹ́ẹ̀dì tó lè rí i pé ọkàn aláìsàn lù gbòdì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Áfíríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ n mú yín wọ ọ́fíìsì wa. Ṣẹ́lífù irin láti ilẹ̀ dé òkè, fáìlì dì lórí ara wọn, òmíràn wà nínú páálí oúnjẹ ọmọdé torí ṣẹ́lífù ti kún. Okùn ni wọ́n fi so àwọn tó nípọn. Aláìsàn kan náà lè ní fáìlì mẹ́ta, torí Rúkáyátù ni akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ, Rukayat ni èkejì kọ, ẹ̀kẹta sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ iye ọjọ́ orí sí, ẹ máa rí "Ad." Àgbàlagbà ni wọ́n ní kí ẹ kà á sí. Àgbàlagbà ọmọ ogún ọdún àbí ti ọgọ́rin? Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Tí aláìsàn bá kú, fáìlì rẹ̀ á lọ sórí tábìlì mìíràn kí dókítà lè kọ ohun tó pa á, tábìlì yẹn kì í sì í ṣófo. A ní kọ̀ǹpútà o. Ibi ìsanwó ni wọ́n gbé e sí.

Mi ò fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tó ti kúrò níbẹ̀, mo sì mọ àwọn ọ̀gá tó ń jà fitafita kí tiwa náà kúrò níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí irú ọ́fíìsì wa fún ọ̀sẹ̀ kan á ka gbólóhùn yẹn, á bú sẹ́rìn-ín, á sì béèrè pé: ilé ìwòsàn wo? Àwọn tí The Lancet ní kó yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kà á, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá. Orúkọ Harvard wà lára àwọn tó kọ ọ́, nọ́ńbà náà tóbi, ayé sì ń sáré.

Surgisphere lorúkọ ilé iṣẹ́ tó ní òun ni àkọsílẹ̀ náà, Sapan Desai, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ ìwádìí náà, ló ni ín. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Guardian wọnú ọ̀rọ̀ náà, òṣìṣẹ́ díẹ̀ báyìí ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan nínú wọn ń kọ ìwé ìtàn àròsọ, òmíràn sì ń fi ẹwà ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán. Wọ́n ní kí Surgisphere gbé àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹni òde láti yẹ̀ wò, ilé iṣẹ́ náà ní àdéhùn òun pẹ̀lú ilé ìwòsàn ò gbà á. Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù tó fọwọ́ sí ìwádìí náà ti sọ pé àwọn ò lè jẹ́rìí sí i mọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìwé jọ́nà ìṣègùn New England, ti Amẹ́ríkà, náà fa èyí tí wọ́n ti tẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà padà. Ẹ gbọ́ o: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ orúkọ wọn sórí ìwádìí tó kan ẹ̀mí àwọn èèyàn káríayé, wọn ò fojú ara wọn rí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ibi tí èrò mi wà nìyí. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé èèyàn burúkú kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti lé e, ó ti parí. Kò parí. Bí ìgbà tí wọ́n bá ń sanwó fún bíríkìlà lórí iye búlọ́ọ̀kù tó tò lóòjọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún ẹni tó máa wo ìpìlẹ̀ ni wọ́n ṣe to ìmọ̀ ìṣègùn. Ìwé tí o kọ ni wọ́n fi ń gbé ọ ga, òun ni wọ́n fi ń fún ọ lówó ìwádìí míì, òun ni wọ́n fi ń pè ọ́ wá sọ̀rọ̀ ní Geneva. Ẹni tó jókòó yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ẹ ṣeun ni wọ́n máa sọ fún un, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó wá tọ́ka sí ayédèrú, àwọn lọ́yà lè kọ̀wé sí i.

John Carlisle, dókítà akunnilóorun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ìwádìí 526 wò, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìwé jọ́nà Anaesthesia láàárín 2017 sí 2020. Níbi tó ti jẹ́ ìwé tí wọ́n kọ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, 6 nínú 373 ló rí ayédèrú nínú wọn. Níbi tó ti gba àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, 67 nínú 153. Ẹ tún un kà. Ojú kan náà ni, ìwé jọ́nà kan náà ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìfura ló mú kí wọ́n béèrè fáìlì wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣí fáìlì.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́ fún àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Surgisphere yìí sọ pé kulorokúìn ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, pé àwọn òyìnbó ló fi irọ́ bà á jẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n fa ìwádìí náà padà ni àwọn ará Oxford kéde èsì ìdánwò gidi tí wọ́n ń pè ní RECOVERY. Èèyàn 1,542 lo hydroxychloroquine, 3,132 kò lò ó. Láàárín ọjọ́ 28, 25.7 nínú ọgọ́rùn-ún kú lára àwọn tó lò ó, 23.5 lára àwọn tí kò lò ó. Ayédèrú lè ṣe kòńgẹ́ òótọ́, kò sọ ọ́ di ìwádìí. Ó sì wà ní apá kejì náà: ìwádìí kan láti Íjíbítì tó gbé ivermectin ga, ìyẹn Mectizan tí wọ́n ń pín káàkiri abúlé wa nítorí ìfọ́jú, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní oṣù Keje ọdún 2021. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló tú u fó. Ó rí àwọn tí wọ́n kọ pé wọ́n wà nínú ìdánwò náà, tí wọ́n sì ti kú kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń bẹ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló wò ó.

Ká padà sílé. Ní àwọn yunifásítì wa, wọ́n á bi ẹni tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n pé mélòó lo ti kọ, mélòó ló jáde lókè òkun. Àwọn oníjọ́nà gbájúẹ̀ sì mọ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á máa kí i ní ọ̀jọ̀gbọ́n, kó ṣáà ti san dọ́là, ìwé rẹ̀ á jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo mọ àwọn olùkọ́ tó yá owó kọpuréétì san án.

Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di ọ̀gá máa ń wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, torí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwádìí kí wọ́n tó yege. Dókítà obìnrin kan wà tó jókòó sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì wa fún oṣù mélòó kan, ó ń tú fáìlì lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Èsì ẹ̀jẹ̀ sọnù nínú èyí, ọjọ́ sọnù nínú tọ̀hún. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wo òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i." Iye tó ń wá kò pé, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé kò pé, wọ́n ní kó lọ wá sí i, ó sì pàdánù ìdánwò ọdún yẹn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí iṣẹ́ tiẹ̀ náà yẹ kó ti ọ̀dọ̀ wa jáde parí tiẹ̀ lásìkò, iye rẹ̀ pé pérépéré. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é, mi ò sì ní fẹ̀sùn kan èèyàn lórí Facebook. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó bá mú fáìlì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé lọ́wọ́ wa, mo sì mọ orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ìwádìí tó pé pérépéré ló ń gba àtẹ́wọ́. Ẹni tó ní "fáìlì 60 nínú 200 ni mi ò rí" ni wọ́n ń wò bí ọ̀lẹ. Èmi ní temi, òun ni màá gbà gbọ́.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n bi léèrè ohun tí wọn ì bá ṣe, mi ò ní sọ̀rọ̀ ìwà rere, pásítọ̀ àti àlùfáà ń ṣe ìyẹn. Kí yunifásítì ka ìwé mẹ́ta tó dáa dípò ogún. Kí wọ́n fún ẹni tó yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò ní máàkì ìgbéga. Kí wọ́n ra ṣẹ́lífù àti kọ̀ǹpútà fún ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn jọ́nà ńlá náà, tí wọ́n bá ti rí "Áfíríkà" nínú ìwádìí, kí wọ́n wá ẹnì kan níbí tó máa kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sì gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kí wọ́n pe ibi tí wọ́n ní ó ti wá. Lẹ́yìn ìdánwò Trovan, oògùn tí wọ́n fẹ́ fi wo àrùn yírùnyírùn, tí Pfizer, ilé iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà, ṣe fún nǹkan bí igba ọmọ ní Kánò lọ́dún 1996, lẹ́tà ìyọ̀ǹda wà nílẹ̀, ó ní orúkọ ilé ìwòsàn lórí. Ìgbà tí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ni wọ́n rí i pé ilé ìwòsàn náà ò tíì ní ìgbìmọ̀ kankan lásìkò tí wọ́n ní ó fún wọn ní lẹ́tà.