Ẹṣin 130 Ò Tó, Ó Tún Ń Wá Sí I

Àárọ̀ kùtù Sátidé tó kọjá ni àbúrò kan ládùúgbò wa kanlẹ̀kùn mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Mo ti ń wo ojú rẹ̀ pé ta ló kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Corolla mi yìí, kò lágbára tó lójú mi mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe é kó máa fò."

Mo mọ Corolla náà. Tòkunbọ̀ 2005 ni, aláwọ̀ eérú, ẹ́ńjìnnì 1.8. Nígbà tí irú ẹ́ńjìnnì yẹn wà ní tuntun, agbára ẹṣin bíi 130 ni wọ́n ń kà fún un. Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò: ẹṣin 130! Ọba mìíràn wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ju ẹṣin kan lọ, èyí tó máa ń gùn lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ yìí so 130 mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń sunkún ẹṣin.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà lójú ọpọ́n, ẹṣin ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ayé. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á wá, ó sì wọ́n bí ojú. Àmọ́ bí àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn bá dé igbó Ìjẹ̀ṣà, igi á dí, àyè ìsáré ò ní sí, eṣinṣin inú igbó á máa bu ẹṣin jẹ, ẹṣin á sì máa kú. Agbára wà o, ọ̀nà ni ò sí. Èmi tí mo máa ń gba Ìwó Road n'Ìbàdàn kọjá láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n.

Kì í kúkú ṣe ọmọ yìí nìkan. Àrùn tó wà nígboro nìyẹn. Ẹlòmíràn á ra àmì "V6", ìyẹn àmì ẹ́ńjìnnì oní-silíńdà mẹ́fà, lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bùùtù mọ́tò oní-silíńdà mẹ́rin, á sì fojú ara rẹ̀ rí i pé mọ́tò náà ti ń sáré sí i. Ẹlòmíràn á gbé ìyẹ́ ńlá lé ẹ̀yìn Corolla, bí ẹni pé ó fẹ́ bá bàálù gbéra ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí afẹ́fẹ́ lè tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ bí eré bá le. Ẹsẹ̀ iwájú sì ni Corolla fi ń fà. Ẹni tó gbé irú ìyẹ́ yẹn sí i dà bí ẹni tó de fìlà mọ́ orúnkún.

Ti sáílẹ́ńsà ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn tó ṣe mọ́tò náwó nára kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀. Tiwa sanwó fún wẹ́dà kó gé e dànù, kó fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Wẹ́dà á rẹ́rìn-ín músẹ́. Á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ cat náà kúrò, kó lè mí dáadáa." Cat yẹn ni ohun tó ń fọ èéfín kó tó jáde, platinum àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra irin àlòkù fi ń wá a bí ẹni ń wá wúrà. Wẹ́dà gé e, wẹ́dà tà á, ẹni tó ni mọ́tò sì tún sanwó iṣẹ́. Ìgbà tó bá délé ni iná "check engine" á tàn, kò sì ní kú mọ́. Téèpù dúdú ni wọ́n fi ń bò ó.

Ẹṣin mélòó ló wá wọlé nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí? Bóyá méjì, bóyá mẹ́ta. Ariwo ni wọ́n rà. Ọ̀kan tó ti ṣe tirẹ̀ wà lójúlé kejì sí wa. Alẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì, ó dún gbà! gbà-gbà! Ìyá alákàrà fi epo sílẹ̀ lórí iná, ó kó sábẹ́ tábìlì, ó ń pe orúkọ Jésù. Àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò, tí à ń san owó fún lóṣooṣù, a ò rí wọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí n má purọ́, èmi náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, mo fi hóònù olórin sí Peugeot 504. Kò fi ẹṣin kankan kún un, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọge òpópónà wa mọ̀ pé mo ti dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó ní turbo lòún fẹ́, pé wọ́n ní ó wà ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó. Mo ṣàlàyé fún un pé èéfín tó ń jáde ló ń yí turbo, òun náà á sì máa ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun. Láti ilé ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kó máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbé turbo lé e láìtún inú rẹ̀ ṣe, ẹ̀bà ló ń fi bọ́ ẹni tó ti jẹ iyán yó. Epo á máa bú ṣáájú àsìkò rẹ̀, písítìn á là, àwọn mẹkáníìkì á sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí gbogbo onímọ́tò ń bẹ̀rù: "Ó ti nọ́ọ̀kì."

Mo bi í pé, "Búréèkì ńkọ́?"

"Ó ń han díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Táyà ńkọ́?"

"Tòkunbọ̀ ni."

"Epo èló lo máa ń rà?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà."

Mo mú bírò. Kó tó di oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá kan, ìyẹn lítà kan, ò tó 200 náírà; nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti fò kọjá 1,000. Ẹ jẹ́ ká fojú àánú kà á sí jálá márùn-ún. Ẹ pín in fún ẹṣin 130. Kò tó ṣíbí ìmùkọ mẹ́ta fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ìwọ sì ń wá ẹṣin mìíràn tí ebi á tún pa! Níbo lo tilẹ̀ fẹ́ sá a sí? Lójú ọ̀nà márosẹ̀, 100 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ọ. Corolla tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ń kọjá ìyẹn láìlàágùn.

Ó dákẹ́. Ó ní kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́: eruku ọyẹ́ bí ọdún mẹ́ta, èèpo ẹ̀pà, àti ibùsùn tí eku tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. A ra fílítà tuntun, a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, a fún táyà lémìí, a tún kó àpò sìmẹ́ǹtì àjẹkù méjì tó ti di òkúta jáde nínú bùùtù. Ó wà á yípo ilé epo lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé, eyín rẹ̀ funfun.

"Ẹ̀gbọ́n! Ó ń fò!"

"Ṣé o rí i báyìí?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí, ó tún wo ìsàlẹ̀ mọ́tò. "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, kò dún."

Alẹ́ Mọ́ńdè, mo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ gbà! gbà-gbà! lẹ́nu géètì. Kí n tó dé ojú fèrèsé, Ìyá alákàrà ti wà lábẹ́ tábìlì.