Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Tí Kò Ní Àbúrò

Ẹ bá wa yọ̀ o, àbúrò mi ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ níúsílẹ́tà, ìyẹn lẹ́tà orí ímeèlì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ déédéé sí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Òun lẹnì kẹrin nínú ẹbí wa lọ́dún yìí, bí a bá yọ Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn sẹ́yìn, àwọn tí tiwọn ò tíì ní ọ̀rọ̀ kan nínú àmọ́ tí wọ́n ti ń pín káàdì rẹ̀ kiri òde ìgbéyàwó.

Nígbà kan rí, ẹni tó bá fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé òun ní làákàyè á lọ ra awò ojú. Lẹ́yìn náà ló di podcast: gbohùngbohùn méjì, àga méjì, ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ara wọn rẹ́rìn-ín. Gbohùngbohùn wá wọ́n, àga náà wọ́n. Níúsílẹ́tà ò béèrè ju ímeèlì lọ. Substack, ìkànnì níúsílẹ́tà tí gbogbo wọn ń sá lọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 2017, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí òǹkàwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ni wọ́n ń yọ ìdámẹ́wàá, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì sí ìdámẹ́wàá kankan tí àbúrò mi jẹ wọ́n.

Nílé wa, ọmọ á kọ́kọ́ dé ayé ná, á di ọjọ́ kẹjọ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Àbúrò mi sọ tirẹ̀ lórúkọ kí oyún tó dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wá orúkọ náà, torí ó gbọdọ̀ ní "ìrònú" tàbí "ìdákẹ́jẹ́" nínú, kò sì gbọdọ̀ yé ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé iṣẹ́ lógò fún ayàwòrán, wọ́n jà lórí àwọ̀. Ó ya fọ́tò níbi tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ife kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń wo fèrèsé bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. (Èmi tí mo bá a gbélé, mo mọ̀ pé Mílò ló wà nínú ife yẹn.) Nígbà tó kéde rẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí, ìyá wa fi ohùn ránṣẹ́: "Ọmọ mi, mo bá ẹ yọ̀ o, Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ níbẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ìjọba ni?"

Ẹ̀rọ náà pàápàá ti mọ irú ẹ̀dá tí a jẹ́. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tìrẹ lórí Substack, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan, wàá bá lẹ́tà kan níbẹ̀ tí wọ́n ti bá ọ kọ, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Coming soon". Ó ń bọ̀ láìpẹ́. Mo mọ ọ̀kan tó ti ń bọ̀ láti 2021. Ká ní Sókótó ló ti gbéra, tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó sì ń dúró kí gbogbo ará ọ̀nà, ó yẹ kó ti dé Ọ̀ṣọ́dì.

Tàbúrò mi jáde ṣá. "Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń rọ̀ mí pé kí n máa kọ̀wé," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wo? Inú ilé kan náà la ti dàgbà. Abọ́ ni wọ́n máa ń rọ̀ ọ́ pé kó fọ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́rin ló fi ṣàlàyé ìdí tí òun ò fi tètè bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ló fi ṣàlàyé ìdí tí òun fi wá ń bẹ̀rẹ̀, ó wá ṣèlérí pé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìfẹ́, bọ́ọ̀lù, àti bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ó jẹ mí ní ₦15,000 láti Iléyá ọdún tó kọjá.

Ẹni mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ ẹbí, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ méjì, ọ̀kan sì ni ọmọbìnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ òun. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí máa ń tú àṣírí ẹni tó ṣí lẹ́tà àti ẹni tí kò ṣí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ara yín le? Mo rí i pé ẹ ò tíì ṣí lẹ́tà mi." Nígbà tí à ń fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà kì í tẹ̀ lé èèyàn wọ yàrá.

Ó tún fẹ́ kí òǹkàwé máa san dọ́là 5 lóṣù. Inú Stripe, ilé iṣẹ́ tó ń báni gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lowó Substack ń gbà kọjá, ẹni tó wà ní Nàìjíríà kì í sì í rí akáùntì Stripe ṣí wẹ́rẹ́. La bá pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kó lo akáùntì òun, àmọ́ òun náà á mú nǹkan níbẹ̀. Ẹnìkan ní ìwọ̀sí nìyẹn. Wákàtí méjì la fi jà lórí owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì san.

Kì í kúkú ṣe pé ilẹ̀ Yorùbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1859, Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Ìròyìn ìjọ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú. Kò sí Townsend tó ń wo fèrèsé. Kó tó dákẹ́, ó di 1867, tí Ẹ̀gbá dìde, tí wọ́n lé òyìnbó nílùú, tí wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ifọ́lé. Níúsílẹ́tà àbúrò mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì ló pa á, iná ò sì lọ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó dùn mí ni pé ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀, gbólóhùn kan wà nípa bàbá wa: bí wọ́n ṣe máa ń tú bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, tí wọ́n á nà án sí ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n á máa ka ìròyìn oṣù tó kọjá sí wa létí bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ló ṣẹlẹ̀, epo á ti mú kí iwájú àti ẹ̀yìn bébà hàn pọ̀, tí gómìnà àti adigunjalè á wà lórí ìlà kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Mo pè é, mo ní, "Èyí gan-an ni kó o máa kọ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò bá brand mi mu."

Lánàá, ó tún pè. Ó ní òun ti rí ibi tí àṣìṣe wà, kókó ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ ti pọ̀ jù. Òun ń dá òmíràn sílẹ̀, èyí tí yóò máa kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níúsílẹ́tà. Mo bi í pé èwo ló ti kọ níbẹ̀.

"Lógò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣetán, Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ó ku àwọ̀."