Ọgbà Àjàrà Ìlú Adjarra

Láyé àtijọ́, ìyẹn kí fóònù tó ní kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn, bí ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) bá ní òun ń lọ Adjarra, ọjà ló ń lọ. Ó fẹ́ ra ìlù, ó fẹ́ ra ìkòkò, tàbí kó kàn jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ sísun ń pè é, kó sì fi ẹmu sìn ín lọ́nà ọ̀fun. Zẹ̀mí, ọ̀kadà ibẹ̀, ló máa gùn, torí ibẹ̀ kò tó kìlómítà 10. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà, ó ti wẹ̀, ó ti sùn. Kò sẹ́ni tó máa kí i kú ewu ọ̀nà.

Ìyẹn ti tán. Ẹnikẹ́ni ò lọ Adjarra mọ́. Wíkẹ́ńdì ilẹ̀ ọtí ni wọ́n ń ṣe. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó múra rẹ̀, ó gba ẹgbẹ́ WhatsApp, ó gba àkẹtẹ̀ ńlá àti aṣọ funfun báláú, bíi pé gbogbo wọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ kan náà.

Fótò ló kó bá wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan tó ń gbé ní Faransé lọ sí Saint-Émilion, ẹ̀bá Bordeaux, ó gbé ife lọ́wọ́, igi àjàrà tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Gbogbo Àjàṣẹ́ àti Kútọnu rí i. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ níbi tí òun lọ ka owó físà: yúrò 90, tí í ṣe fàráǹkì sẹ́fà 59,036, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ fún ọ. Ìwé adójútòfò tó lè san yúrò 30,000 bí àìsàn bá dé tún wà níbẹ̀, àti ìwé báńkì, àti ìwé òtẹ́ẹ̀lì. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ronú. Ẹnì kan gbójú sókè, ó rí bọ́ọ̀dù ojú ọ̀nà: Adjarra. Ẹ yọ D kan kúrò níbẹ̀, ẹ yọ R kan, kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Nábótì ní ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé ọgbà àjàrà ni wọ́n torí ẹ̀ pa á. Báyìí la ṣe ní ilẹ̀ wáìnì tiwa láìgbin èso àjàrà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é bó ṣe yẹ, kó má baà bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ WhatsApp ni ìpìlẹ̀. Èèyàn 14 ló máa wọ̀ ọ́. Mọ́kànlá á sọ pé àwọn wà ńbẹ̀ digbí, wọ́n á fi àwòrán ife ọtí tì í. Alága ẹgbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn, á ti torí ọ̀rọ̀ ẹnu yìí gba yàrá mẹ́fà. Lọ́jọ́ tó bá ní kí wọ́n fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́, néètì gbogbo wọn á bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ẹnì kan á ṣàìsàn. Ẹlòmíì á bèèrè bóyá wọ́n á lè gba òun láàyè láti san tòun tí wọ́n bá débẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló máa sanwó, márùn-ún yìí náà ló sì máa ru yàrá mẹ́fà. Owó ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka ẹnu. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wọlé ni kí ẹ gba bẹ́ẹ̀dì fún.

Ní ti òtẹ́ẹ̀lì Àjàṣẹ́, "yàrá tó kọjú sọ́sà" ni gbogbo wọn ń wá. Ọ̀sà wà lóòótọ́. Àmọ́ nínú irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti gun orí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ yọrí lójú fèrèsé kékeré, kí ẹ tó rí i, ẹ ó sì kọ́kọ́ rí páànù orí ilé aládùúgbò. Dípò ọ̀sà, ẹ bi wọ́n bóyá fáànù ló wà nínú yàrá ni àbí ẹ̀rọ amúlétutù, torí owó méjèèjì ò dọ́gba. Ẹ bi wọ́n bóyá jẹnẹrétọ̀ ń gbé ẹ̀rọ náà bí iná bá lọ, àbí gílóòbù nìkan ló ń gbé. Ẹ bi wọ́n aago tí àlejò gbọ́dọ̀ jáde, torí ẹni tó bá sùn kọjá ọ̀sán, wọ́n lè ka ọjọ́ mìíràn sí i lọ́rùn. Ẹgbẹ́ aláṣọ funfun kan tó ti Kútọnu wá ò bi wọ́n ní ọ̀kan nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè ni bóyá odò ìwẹ̀ wà. Ó wà. Wọ́n lo wákàtí mẹ́ta létí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wọnú omi, nítorí irun.

Ìlú Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò gbà wọ́n lásìkò. Wọ́n ya fótò níwájú ààfin ọba Tòfà. Wọ́n dé Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún, ọ̀kan nínú wọn sì bi ọkùnrin kan tó ń ṣe àlùwàlá pé aago mélòó ni Máàsì. Àwọn Alhájì inú ẹgbẹ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n wà ńbẹ̀) ní ọ̀dọ̀ Songhaï làwọn fẹ́ lọ, ọgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àlùfáà Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, pé omi èso làwọn wá mu. Ife tí wọ́n gbé nínú fótò ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi èso náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń hó.

Ilé oúnjẹ: ẹ pè wọ́n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ bí ẹ bá fẹ́ jẹun ní aago kan. Ẹja tí ẹ máa jẹ lè má tíì kúrò lọ́jà nígbà tí ẹ jókòó. Wọ́n ò pè. Wọ́n dúró fún wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n tún fi ìṣẹ́jú ogún ya fótò àmíwò (ọkà àgbàdo pupa) àti adìẹ, wọ́n wá bínú pé oúnjẹ ti tutù.

Ọ̀rọ̀ wáìnì pupa tí wọ́n gbé ti Kútọnu wá ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti kà á níbì kan pé bí ooru inú yàrá bá ṣe rí ni kí wọ́n máa mu wáìnì pupa. Yàrá ta ni? Ilé olókùúta ará Faransé ni wọ́n ń sọ, níbi tí ooru ti wà ní ìwọ̀n Celsius 16 sí 18. Lóṣù kẹta, yàrá Àjàṣẹ́ lè jẹ́ 30 kí ẹ tó bá ọ̀sán sọ̀rọ̀. Ìgò náà tún ti sùn nínú búùtù ọkọ̀ láti àárọ̀. Gbé e sínú fíríìjì fún ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó tì o. Ẹni tó mọ ọtí jù nínú ẹgbẹ́ fi ọwọ́ bo ìgò, ó ní èèwọ̀ ni, wáìnì pupa kì í rí yìnyín. Wọ́n mu ún gbígbóná bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní ó "jinlẹ̀".

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Adjarra gan-an, ibẹ̀ sì ni kàlẹ́ńdà ti kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà náà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi fóònù kà á. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ wíkẹ́ńdì. Bó bá bọ́ sí Sátidé lónìí, ó di ọjọ́ 28 kó tó tún bọ́ sí Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa bọ́ sí Sọ́ńdè láàárín méjèèjì. Nínú wíkẹ́ńdì mẹ́rin, méjì ò ní ọjà rárá. Ìyá tó ń ta ata ní Ouando lè sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pé ìjẹta ni wọ́n ná an, kí ẹ ti ibẹ̀ máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n Google ni wọ́n bi, Google ní ọjà ń ṣí lójoojúmọ́. Wọ́n dé, wọ́n bá àtẹ òfìfo àti ewúrẹ́ méjì.

Ẹmu náà ní aago tirẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ń gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀pẹ, ó ń dùn bí oyin. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà rẹ̀ kí ó tó dé inú igbá, adùn ń di ọtí, ọtí ń di kíkan. Ní ọ̀sán, ó ti le. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ń kan. Bó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ẹ fi se ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn rẹ̀ á dé oko ní aago méje àárọ̀. Àmọ́ oúnjẹ àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wà nínú owó, wọn ò lè fi sílẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n jẹ ẹyin tán, mọ́kànlá ni wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì ku díẹ̀ kó lu aago kan nígbà tí bàtà gogoro kọ́kọ́ rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá odò dúdú.

Bàbá adẹ́mu kí wọn káàbọ̀, lédè Ègùn àti lédè Yorùbá. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́ gun ọ̀pẹ, kí àwọn lè ya fótò. Bàbá wò wọ́n. Ọ̀pẹ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó nà gbalaja. Bí wọ́n ṣe ń dá a lágbègbè yìí nìyẹn: wọ́n á gé ọ̀pẹ lulẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á dá ihò sí ọrùn rẹ̀ nítòsí imọ̀ ọ̀dọ́, wọ́n á máa fi iná díẹ̀ wẹ ojú ihò náà kí omi má dí. 

"Ọ̀pẹ tó ti sùn yìí," ni bàbá wí, "ṣé kí n gun ẹ̀yìn rẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn jáde látinú àpò. Ọ̀mọ̀ràn wáìnì ọjọ́ àná gba ẹmu sínú tirẹ̀, ó sì béèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

"Bàbá, ọdún wo lèyí?"

Ẹ má ṣe bú u. Ní Bordeaux, ìbéèrè yẹn nídìí: òjò ọdún kan ò jọ ti èkejì, ìgò tó bá bọ́ sí ọdún rere lè wà fún ogún ọdún kó máa dára sí i. Wọ́n tilẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé ìwé ipò tí wọ́n fi to àwọn ilé wáìnì Médoc, ẹkùn kan ní Bordeaux, ní 1855.

"Àárọ̀ yìí ni," bàbá dáhùn. "Ti àná ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n sódàbì, ògógóró wa, la fẹ́ fi ìyẹn ṣe."

Ọ̀mọ̀ràn yí ife náà yípo bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì kí òórùn lè jáde. Irú wáìnì bẹ́ẹ̀ kì í hó. Ẹmu aago kan ọ̀sán ń hó. Ìfófòó gun ètí ife, ó bọ́ sórí aṣọ funfun. Ó tẹ imú bọ̀ ọ́, ó ní òun ń gbọ́ òórùn igi óákù. Èéfín iná tí bàbá fi wẹ ojú ọ̀pẹ ni. Ó wá gbà á sẹ́nu, ó fọ̀ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fọ̀ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó tu ú sílẹ̀.

Àwọn ará Faransé ń tu ọtí lóòótọ́. Ẹni tó bá bẹ ilé wáìnì mẹ́ta wò lọ́jọ́ kan, tó sì tún máa wa ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé e mì. Garawa ìtutọ́ wà níbẹ̀ fún un. Ní Adjarra, bàbá ti ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ mu kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyàwó bàbá wo ẹmu tó wà nílẹ̀, ó wo ẹni tó tu ú, ó rọra bi ọkọ rẹ̀ bóyá eṣinṣin ló wà nínú igbá.

Sódàbì ló kù. Ẹmu tó ti pé ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń sè nínú dúrọ́ọ̀mù. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, á máa kán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í ta èyí tó kọ́kọ́ kán, nítorí èròjà inú rẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Bí wọ́n bá mi ìgò, wọ́n á fẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ pẹ́ kó tó bẹ́. Èyí ń sọ bó ṣe le tó, kò sọ pé ó mọ́. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí aládùúgbò ń mu tirẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, ife kékeré kan sì tó. Wọ́n rọ ọ́ sínú ife wáìnì, dé ìdajì. Títí wọ́n fi dé inú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó tún tu nǹkan kan.

Wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì ẹmu onílítà márùn-ún méjì láti fi han àwọn ará Kútọnu. Bàbá fi ewé dí ẹnu rẹ̀, ewé tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà. Alága ẹgbẹ́ ní ìyẹn ò mọ́ tó. Ó yọ ewé dànù, ó dé ọmọrí lé e, ó fún un pinpin, ó sì gbé méjèèjì sínú búùtù, nínú oòrùn. Àwọn ìwúkàrà inú ẹmu ò mọ̀ pé wíkẹ́ńdì ti parí. Kí wọ́n tó dé Sẹ̀mẹ̀ lójú ọ̀nà Kútọnu, kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ dún gbòlà, awakọ̀ rò pé táyà ni, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà. Bí ó ṣe ṣí búùtù, ìkejì bẹ́ sí i láyà.

Wọ́n fi fótò rẹ̀ sórí ẹgbẹ́, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dá owó ìfọkọ̀. Àwọn mẹ́sàn-án tí wọn kò lọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Néètì wọn dára gan-an lọ́jọ́ náà.