Shanghai àti PISA 2012: ìṣirò kọ́ ni yíyanjú ìṣòro

Ẹ jọ̀ọ́, pósítì tí wọ́n ń pín kiri pé àwọn ọmọ Shanghai ló mọ ìṣòro yanjú jù láyé torí pé wọ́n gba ipò kìíní ní PISA 2012 (ìdánwò tí àjọ OECD ń ṣe fáwọn ọmọ ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀), kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò ni wọ́n ti gba kìíní, máàkì 613. Ìdánwò yíyanjú ìṣòro dá dúró lọ́tọ̀, orí kọ̀ǹpútà ni, Singapore ló síwájú pẹ̀lú 562, Gúúsù Kòríà 561, Shanghai 536 (kò kúkú burú).

Ibi tó ti yàtọ̀ rèé: wọ́n á gbé ẹ̀rọ amúlétutù tí ò ní ìwé àlàyé síwájú ọmọ ọdún 15 lójú kọ̀ǹpútà, òun fúnra ẹ̀ ni yóò máa dán bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò títí á fi mọ èyí tó ń yí ooru padà àti èyí tó ń yí ọ̀rinrin, fọ́múlà téèyàn há sórí ò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ lọ wo ìròyìn PISA 2012 lórí sáítì OECD, Volume I ni ti ìṣirò, Volume V ni ti yíyanjú ìṣòro.