Àtúnṣe: Ewé tó dúdú lẹ́yìn òtútù kò ní kí igi ti kú

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan dé òmíràn láàárín àwa tí à ń gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà: pé bí ewé igi bá ti dúdú lẹ́yìn òtútù, igi náà ti kú, kí a tètè hú u dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àdá sílẹ̀ ná.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù ńlá yẹn bo Texas, ewúro mi gbẹ bí igi ìdáná. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Lókè, ó gbẹ táútáú. Nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, inú rẹ̀ ṣì tutù, ó ní àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí igi wà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ó rúwé láti ìdí.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ohun tí à ń pè ní igi rẹ̀, ìdí ewé ló wé mọ́ra wọn. Òtútù lè sọ ọ́ di rádaràda, ìdí tó wà nínú ilẹ̀ á tún ta ọmọ.

Gígé kíákíá gan-an léwu: igi á yọ ọ̀mùnú, òtútù tó kù lẹ́yìn á sì jó o. Ẹ dúró títí òtútù yóò fi lọ pátápátá.

Ọsàn nìkan ni kí ẹ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n so mọ́ ìdí igi mìíràn, tí ọ̀mùnú jáde lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti so ó, igi ìsàlẹ̀ ló hù yẹn, kì í ṣe ọsàn tí ẹ rà.